Ẹ Bi Àǹtí Ìtàgé: Lẹ́tà bàbá àgbà láti Bọ́mà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lóṣù tó kọjá mo kàn mẹ́nu bà á pé èmi àtàwọn ọmọ kan ń fi lẹ́tà àwọn sójà ayé ogun Hítílà ṣe eré, bí ìbéèrè ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé nìyẹn, mi ò mọ̀ pé páànù tí lẹ́tà ogun wà nínú ẹ̀ pọ̀ tó báyìí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ìyá wa. Mo mú mẹ́fà. Ti àkọ́kọ́ ni màá pẹ́ lórí ẹ̀ jù.

Ẹ káàárọ̀ Àǹtí. Tíṣà ni mí n'Ìbàdàn. Ìgbà tí ìyá bàbá mi kú la rí páànù bisikíìtì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, lẹ́tà mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ tí bàbá àgbà kọ láti Bọ́mà ní 1944 àti 1945. Mo fẹ́ káwọn ọmọ kíláàsì mi fi ṣe eré ní January 15, ọjọ́ ìrántí àwọn sójà. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú lẹ́tà yìí o Àǹtí! "Mo wà dáadáa, mo lérò pé ẹ̀yin náà wà dáadáa, ẹ bá mi kí lágbájá, ẹ bá mi kí tàmẹ̀dò, ṣé ẹ rí owó gbà." Gbogbo mọ́kànlá náà nìyẹn. Ogun dà níbẹ̀? Ṣé kí n fi ogun kún un ni? — Tíṣà Ìbàdàn

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ìwé yẹn. Ẹ má fi ogun kankan kún un o, mo bẹ̀ yín. Ogun wà níbẹ̀, ibi tẹ́ ẹ ń wò ni kò sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí lẹ́tà yẹn ṣe dé inú páànù. Àwọn tí wọ́n kó láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà (Myanmar ni wọ́n ń pè é báyìí) tó 90,000, ó sì ju ìdajì wọn lọ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn ò mọ̀wé rárá ìgbà tí wọ́n wọṣẹ́. Nítorí náà ọmọ yìí á lọ jókòó ti ẹnì kan tó mọ̀wé, kọ́pùrà ni o, akọ̀wé ni o, á máa sọ ọ́, ìyẹn á máa kọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ́tà á dé ọwọ́ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á pa orúkọ ìlú tó wà níbẹ̀ rẹ́, wọ́n á pa iye tó kú rẹ́, wọ́n á pa ibi tí wọ́n ń lọ rẹ́. Ó wá di ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. Ìgbà tó sì délé, ìyá ò mọ̀wé kà, wọ́n á gbé e lọ bá tíṣà tàbí kátíkíìsì, gbogbo agboolé á pé jókòó. Ọwọ́ mẹ́rin ni lẹ́tà kan gbà kọjá kó tó wọ etí ìyá!

Àwọn mẹ́rin yẹn gan-an ni òṣèré yín: ẹni tó ń sọ ọ́, ẹni tó ń kọ ọ́, ẹni tó ń pa á rẹ́, ẹni tó ń kà á. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni kí wọ́n mú ọmọkùnrin kan, wọ́n á wọ kakí fún un, wọ́n á tan iná sí i lójú, á máa ka lẹ́tà sí wa létí pẹ̀lú ohùn ẹkún. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mẹwàá, mo sì ti ṣe é rí, kì í ṣiṣẹ́, torí pé ọmọ yẹn ò sunkún ìgbà tó ń sọ ọ́, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí ò ní kó ìyá ẹ̀ láyà jẹ ni.

Ẹ gbìyànjú èyí. Ọmọ náà jókòó sórí àpótí, akọ̀wé mú pẹ́ẹ̀nì. Ọmọ la ẹnu. Ó fẹ́ sọ nǹkan kan, a rí i lójú ẹ̀. Ó wo pẹ́ẹ̀nì tó dúró tí ò mì. Ó pa ẹnu ẹ̀ dé. Ó wá sọ pé "Mo wà dáadáa." Ẹ ò fi ọ̀rọ̀ kankan kún lẹ́tà, ẹ ò yọ ìkankan, gbogbo họ́ọ̀lù sì ti gbọ́ ohun tí ò sọ.

Gbólóhùn tó ń ṣe yín bíi pé kò lójú yẹn, èyí tí gbogbo wa mọ̀, "mo nírètí pé ìwé yìí á bá yín nínú àlàáfíà gẹ́gẹ́ bó ṣe fi èmi náà sílẹ̀, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run", ẹ má yọ ọ́ kúrò, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ ní gbogbo lẹ́tà mọ́kànlá. Ti àkọ́kọ́, bàtà ẹ̀ ṣì tuntun, ó jókòó bí ọ̀gá. Ti kẹta, òjò ti dé, òjò Arakan, agbègbè kan ní Bọ́mà, tí í rọ̀ fún oṣù bíi mélòó kan láìsinmi, ó ń sọ ọ́ bó ṣe ń fa eṣúṣú kúrò ní ojúgun. Ti keje, kò ráyè jókòó mọ́. Níbi ríhásà wa nínú họ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀ṣì kan, ọmọ tó ń ṣe é sọ "mo nírètí pé ìwé yìí..." ohùn ò jáde mọ́, mo fẹ́ sọ fún un pé kó tún un ṣe, ni ìyá àgbà kan tó wá mú ọmọ-ọmọ ẹ̀ bá dáhùn láti ẹ̀yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "á bá wa nínú àlàáfíà, ọkọ mi." A ò yí i padà mọ́ láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ la máa ń dúró sí káwọn èèyàn tó wà níjókòó parí ẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì máa ń parí ẹ̀.

Ẹ tún wo déètì. Ẹ tò wọ́n sílẹ̀ kẹ́ ẹ wo àlàfo àárín wọn. Tí bàbá bá wà ní Division 81, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà méjì tó jà ní Bọ́mà (Division 82 ni ìkejì), àfonífojì Kaladan ni wọ́n wà lápá ìbẹ̀rẹ̀ 1944, ọ̀nà tó tó máìlì 75 ni wọ́n fi ọwọ́ là gba orí òkè kí wọ́n tó débẹ̀, ọkọ̀ òfúrufú ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, ohun tí wọ́n sì he, orí ni wọ́n fi rù ú. January 1945 ni wọ́n gba ìlú Myohaung. Tẹ́ ẹ bá wá rí lẹ́tà tí wọ́n kọ ní February tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ má bínú pé mi ò tètè kọ̀wé", ẹ ti mọ ohun tó fà á, ọmọ yín tó máa ṣe é náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ẹ má sá fún àlàfo yẹn. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló wọṣẹ́, ìbọn bá a lẹ́sẹ̀ ní Kaladan ní March 1944, òun àti sájẹ́ńtì kan ará Sẹ̀ró Líónì ni wọ́n fara pa mọ́ nínú igbó fún bí oṣù mẹ́sàn-án, àwọn ará abúlé ibẹ̀ ló ń yọ́ gbé oúnjẹ wá fún wọn. Oṣù mẹ́sàn-án, lẹ́tà kankan ò wá sílé. Ìyẹn náà lẹ́tà ni o. Ẹ jẹ́ kí ìyá jáde, kó wo ọ̀nà, kó wọlé. Kó tún jáde. Ẹ má fi orin sí i.

Ohun méjì ló kù, kí n tó kúrò lórí ti Tíṣà. "Ẹ bá mi kí ìyàwó mi" yẹn, ẹ má rò pé kò nífẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bàbá ọkọ wà níbẹ̀, ìyá ọkọ wà níbẹ̀, kátíkíìsì ló ń kà á, kí ló fẹ́ kọ sí i tí gbogbo agboolé ò ní gbọ́? Ẹ fi ìyàwó sí igun kan kó máa ṣa ẹ̀wà. Tí wọ́n bá ti ka orúkọ ẹ̀, kí ọwọ́ ẹ̀ dúró. Kó má gbójú sókè. Lẹ́yìn náà kó máa ṣa ẹ̀wà ẹ̀ lọ.

Ìkejì ni òṣùká. Àmì Division 82 tí wọ́n ń rán mọ́ èjìká, ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn gba àárín òṣùká ni! Torí náà òṣùká kan ṣoṣo tó fún yín. Kó wà lórí ọmọ ní Bọ́mà, kó yí padà kó wà lórí ìyá ẹ̀ tó ń lọ ọjà, àárín ẹ̀ ni kí wọ́n ti máa yọ lẹ́tà. Kẹ́ ẹ sì kó àwọn ọmọ yín lọ sí iwájú Letmauk Barracks níbẹ̀ n'Ìbàdàn, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé ibi tí wọ́n ti jà ní Bọ́mà ni Letmauk, bí Dodan náà ṣe jẹ́ ní Èkó, bí Arakan náà ṣe jẹ́ l'Ápápá. Orúkọ tí wọ́n pa rẹ́ nínú lẹ́tà ló wà lára géètì yẹn.

Àǹtí ẹ kú iṣẹ́. Sítúdẹ́ǹtì tíátà ni mí, mo wà ní 300 level. Gẹ̀ẹ́sì ni lẹ́tà tí mo ní, Gẹ̀ẹ́sì tó rí wúruwùru díẹ̀. Ọ̀gá mi ní bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni kí n ṣe kà á torí ìwé ìtàn ni, àwọn ẹgbẹ́ mi ní kí n sọ ọ́ di Yorùbá. Èwo ni kí n gbọ́? — Ọmọ Tíátà

Ọmọ mi, kò sí èyí tó ṣìnà nínú wọn, ṣùgbọ́n ronú wò ná, ta ló sọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn? "I beg to inform you" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń sọ lẹ́tà, akọ̀wé ló ni ín, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìwé ló ṣe kọ ọ́. Èdè ìyá ẹ̀ lọmọ yẹn fi sọ ọ́. Torí náà jẹ́ kí a gbọ́ méjèèjì: kí ọmọ sọ ọ́ ní Yorùbá, kí akọ̀wé máa pe Gẹ̀ẹ́sì jáde lẹ́nu bó ṣe ń kọ ọ́, kí wọ́n gun ara wọn lórí, káwọn èèyàn rí bí ọ̀rọ̀ gígùn kan ṣe ń di gbólóhùn kékeré. Mo fẹ́ràn ibi tí ọmọ á ti sọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú kan gbáko tí akọ̀wé á sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú ìwé, má tún un ṣe, má ṣàtúnṣe gírámà ẹ̀ kankan, má sì jẹ́ kí òṣèré kankan fi pa wá lẹ́rìn-ín, akọ̀wé yẹn ń sa gbogbo ipá ẹ̀ ni.

Yorùbá tó o máa fi sẹ́nu ọmọ yẹn ńkọ́? Jọ̀ọ́, má lo Yorùbá orí rédíò. Ará ibo ni? Tó bá jẹ́ Ìkálẹ̀, kó sọ Ìkálẹ̀. Tó bá jẹ́ Ìjẹ̀bú, lọ bá àgbà Ìjẹ̀bú kan kó bá ọ gbọ́ ọ. Kó o sì rántí pé Hausa ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ jù nínú iṣẹ́ ológun Nàìjíríà nígbà yẹn, ọmọ tó ti lo ọdún méjì níbẹ̀ á ti máa já Hausa díẹ̀díẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀, ìyá ẹ̀ á sì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò yé e lẹ́nu ọmọ tó bí. Ìran ńlá nìyẹn tó o bá mọ̀ ọ́n lò.

Ẹ̀gbọ́n mi, ibo la ti lè rí yúnífọ́ọ̀mù àti ìbọn yíyá fún eré wa? Owó wa ò pọ̀. — Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́, Abẹ́òkúta

Ẹ má yá ìbọn. Lẹ́tà lẹ fẹ́ ká gbọ́, tí ìbọn bá ti wọlé, ìbọn làwọn èèyàn á máa wò. Yúnífọ́ọ̀mù náà, ẹ yàgò fún kàmó tí wọ́n ń wọ̀ báyìí, ó lè kó yín sí wàhálà, kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n wọ̀ ní Bọ́mà. Ṣòkòtò àti ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí ò ní bátànì, kí télọ̀ rán an, ó ti tó. Kẹ́ ẹ kọ̀wé sí bárékè tó wà nítòsí yín kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ fẹ́ ṣeré. Owó tó bá ṣẹ́kù, orin ni kẹ́ ẹ ná an lé. Lásìkò tí ogun parí yẹn náà, Hubert Ogunde ti ń gbé ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì àti ebi sórí ìtàgé l'Ékòó, orin ló sì fi ń ṣí eré ẹ̀ tó tún fi ń pa á dé.

Àǹtí, ẹnì kan ní ìlú wa gbé lẹ́tà bàbá ẹ̀ fún mi pé kí n fi ṣeré, àbúrò ẹ̀ tó wà l'Óyìnbó wá ní tí mo bá ṣe é òun á pè mí lẹ́jọ́. Ta ló ni lẹ́tà gan-an? — Ọ̀rọ̀ Dẹjọ́

Bébà, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí ló ni ín, ọ̀rọ̀ tó wà nínú ẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ ló ni ín, tó bá sì ti kú, àwọn ajogún ẹ̀ ló ni ín. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ìwé ni ẹ̀tọ́ yẹn máa ń gùn dé. Bàbá tó dé láti Bọ́mà tó wá kú ní 1990, ẹ ṣírò ẹ̀, ó di 2060. Torí náà, kì í ṣe ẹni tó gbé e fún yín nìkan lẹ máa bá sọ̀rọ̀, gbogbo ọmọ ni, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ pe àbúrò yẹn. Ẹ má mú lọ́ọ̀yà kankan lọ́wọ́, ẹ ka eré yẹn fún un lórí fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tó ń bí wọn nínú ni pé àwọn ò mọ̀ pé lẹ́tà wà. Tí ò bá gbà síbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, kẹ́ ẹ lọ sí National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn ìwé ayé òyìnbó wà níbẹ̀ jaburata, kẹ́ ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ nípa èyí tẹ́ ẹ lè lò.

Ẹ kú ọjọ́ o. Ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ni mí. Ogun Kírìjí ni tiwa, àwọn baba wa ò mọ̀wé, wọn ò kọ lẹ́tà sílé. Ṣé kò sí bá a ṣe lè ṣe irú eré yìí ni? — Ọmọ Kírìjí

Ta ló ní wọn ò kọ lẹ́tà? Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí wọn ò tú àgọ́ ẹ̀ ká títí di 1893, ọdún 16, ṣé ẹ rò pé wọ́n kàn ń wo ara wọn ni? Àrókò ni lẹ́tà wọn. Owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n so pọ̀, ẹ̀fà, ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ, ẹ̀jọ, ọ̀rọ̀ wa jọra. Ọmọdé tó gbé e dání lè má mọ ohun tó gbé.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo àrókò tí wọ́n kọ sílẹ̀ láyé ọ̀rúndún 19 ni ti ọkùnrin kan tí wọ́n kó lẹ́rú ogun lọ sí Dahomey, tó ránṣẹ́ sí ìyàwó ẹ̀ nílé. Nǹkan márùn-ún ni: òkúta, èédú, ata, àgbàdo yíyan, àkísà. Ara mi le bí òkúta. Ọjọ́ iwájú mi dúdú bí èédú. Ọkàn mi ń ta bí ata. Mo ti gbẹ bí àgbàdo tí iná yan. Aṣọ ara mi ti di àkísà. Ẹ wò ó! Lẹ́tà sójà tó ju gbogbo lẹ́tà lọ nìyẹn, kò sì sí áfábẹ́ẹ̀tì kan nínú ẹ̀.

Bí mo ṣe máa ṣe é rèé. Obìnrin kan, ẹní kan, ìdì kékeré kan. Ó tú u. Òkúta ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́, inú ẹ̀ dùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ọkọ òun wà láàyè! Ó tún na ọwọ́, ó kan èédú. Ó rọra gbé e kalẹ̀, ó nu ọwọ́ ẹ̀, dúdú ò kúrò. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ má sì fi asọ̀tàn kankan sí ẹ̀gbẹ́ kan kó máa túmọ̀ ẹ̀ fún wa, àwọn àgbà tó wà níjókòó á máa sọ ọ́ fáwọn ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ariwo wúyẹ́wúyẹ́ yẹn gan-an lẹ fẹ́. Tó bá dórí àkísà, kó wò ó bóyá ó mọ aṣọ náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló rán an.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n, wọ́n pa bàbá mi lójú ogun ní 1968, lápá ìjọba àpapọ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló kù, òun ló kọ kẹ́yìn. Ẹgbẹ́ eré ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ kà á lórí ìtàgé, mo sì fẹ́. Ṣùgbọ́n màmá mi ṣì wà láyé, wọ́n ti ń sún mọ́ ọgọ́rin, wọ́n á wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. — Ọmọ Kan Ṣoṣo

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an.

Ẹ má jẹ́ kí màmá kọ́kọ́ gbọ́ ọ nínú họ́ọ̀lù. Kì í ṣe àwa ni bàbá kọ ọ́ sí, àwọn ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ lọ bá wọn nínú yàrá, ẹ̀yin nìkan, láàárọ̀ tí ara wọn bá yá, kẹ́ ẹ bi wọ́n. Tí wọ́n bá ní rárá, ó tán, ẹ má bẹ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ni, ẹ ní kí wọ́n sọ èyí tí wọn ò fẹ́ ká gbọ́ níbẹ̀. Màmá kan tá a ṣe irú ẹ̀ fún ní òun gbà, àfi orúkọ tí ọkọ òun máa ń pe òun, pé ìyẹn ò kan ẹnikẹ́ni. A yọ ọ́. Ìgbà tí òṣèré dé ibẹ̀, ó kàn gbójú kúrò lára bébà, ó mí, ó sì ń kà á lọ.

Kí òṣèré yín mú un sọ́kàn pé ẹni tó kọ ìwé yìí ò mọ̀ pé òun ló máa kọ kẹ́yìn. Tó bá béèrè owó ilé ìwé, kó béèrè ẹ̀ bí ẹni tó máa padà wá san án. Bó bá kà á bí ìwé òkú, ó ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí màmá yan ibi tí wọ́n fẹ́ jókòó sí fúnra wọn, ẹ̀bá ilẹ̀kùn dáa, kí ẹnì kan tí wọ́n fẹ́ràn jókòó tì wọ́n, kí wọ́n má sì tan iná sí wọn lára láé, kí pásítọ̀ má pè wọ́n jáde pé kí wọ́n wá sọ̀rọ̀. Ẹ ṣe fótókọ́pì lẹ́tà náà fún òṣèré. Èyí tí bàbá fọwọ́ ara wọn kọ, kó wà nínú báàgì màmá títí eré á fi parí.